Bí A Ṣe Lè Fi Àyè Sílẹ̀ fún Alángbá Nínú Ọgbà Ilé: Ìtọ́sọ́nà Lẹ́sẹẹsẹ

Ní àwọn àdúgbò tuntun tó ń gbòòrò lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìkòròdú àti Ọ̀tà, ọ̀pọ̀ onílé ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kan òrùlé tán, fẹ́ńsì ló kàn, lẹ́yìn fẹ́ńsì, wọ́n á da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ilẹ̀ tó ṣẹ́kù tàbí kí wọ́n to ìntálọ́ọ̀kì sí i, títí dé ìdí igi. Lóòótọ́, ẹrẹ̀ kò ní sí mọ́, ilé á sì rọrùn láti gbá. Ṣùgbọ́n alángbá tó kún orí ògiri nígbà tí iṣẹ́ ilé ń lọ lọ́wọ́ kò ní ibi tí yóò yé ẹyin sí mọ́ nínú ọgbà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì tún ń fọ́n oògùn kòkòrò káàkiri lóṣooṣù, kò ní rí ohun tí yóò jẹ pẹ̀lú.

Ẹni tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ẹni tó fẹ́ kí alángbá máa gbé inú ọgbà òun, kí wọ́n sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n sọ àjà ilé di ibùsùn tàbí pé wọ́n ń yàgbẹ́ sínú omi mímu. Iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀. Alángbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ fún un, kò sì yẹ kí a sé e mọ́ inú àgò. Ohun tó nílò ni oòrùn, ihò tó lè sá sí, èèrà tí kò ní májèlé lára, àti ilẹ̀ díẹ̀ tí a kò bò. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ yìí ni àwa onílé máa ń gbàgbé jù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ bí ẹ ṣe ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ dá wọn mọ̀

Alángbá tí à ń sọ ni èyí tó máa ń na ara sórí ògiri ní ọ̀sán, tí akọ rẹ̀ ní orí pupa àti ara aláwọ̀ aró, tí ìrù rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀ níbi ìdí, tó pọ́n láàárín, tó sì dúdú ní ìpẹ̀kun. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ẹranko àti ewéko ní orúkọ, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Lacerta agama ní ọdún 1758, Agama agama sì ni orúkọ tí ẹ óò bá nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Àwọn onímọ̀ òde òní ti wá pín in sí oríṣi mélòó kan, wọ́n sì ń pe ọ̀kan lára àwọn tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Agama picticauda. Akọ tó ti gbó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà láti imú dé ìpẹ̀kun ìrù, abo kì í sì í sábà ju nǹkan bí 20 lọ. Àwọ̀ ilẹ̀ ni abo àti ọmọ wọn ní, àfi pé abo tó ti dàgbà máa ń ní àbàwọ́n pupa tàbí ìyeyè ní ìhà rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo èyí tí orí rẹ̀ kò bá pọ́n ni abo, nítorí akọ tí kò tíì ní àyè tirẹ̀ máa ń fi àwọ̀ ilẹ̀ rìn kí akọ olórí pupa má baà lé e.

Wọ́n máa ń wí pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo abo tó fẹ́ yé á dá a mọ̀: ìhà rẹ̀ á wú síta, ìrìn rẹ̀ á wúwo, á sì máa lọ káàkiri lórí ilẹ̀ dípò orí ògiri, á máa fi imú kan erùpẹ̀ níbí, á tún fi kan án lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ tètè ka ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ọmọńlé tó máa ń jáde lálẹ́ nídìí gílóòbù yàtọ̀ sí alángbá, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó máa ń yọ́ gba àárín koríko lọ. Bí awọ́nríwọ́n bá wá láti etí odò, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ohun tó bá dára fún alángbá kò ní pa àwọn wọ̀nyí lára.

Alángbá kò ní oró. Akọ ńlá lè gé ènìyàn jẹ bí a bá fi agbára mú un, ṣùgbọ́n kò ju kí awọ bó díẹ̀ lọ. Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ibẹ̀, ó parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan wò wọ́n kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ nípa títún ọgbà ṣe, wọ́n á sì gbé òkúta tí alángbá fi ṣe ojúlé dànù láìmọ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ohun mẹ́ta: ibi tí wọ́n ti ń yá oòrùn ní àárọ̀, ibi tí wọ́n ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú jù, àti ibi tí wọ́n ń wọ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́.

Àárọ̀ ló dára jù láti wò wọ́n. Akọ olórí pupa á jáde láti inú ihò tàbí lábẹ́ páànù pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ lásán, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá ní òru nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Á tẹ ikùn mọ́ búlọ́ọ̀kù tí oòrùn àkọ́kọ́ bá bà lé, á sì dúró láìmira. Bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná ni orí á máa pọ́n, tí ẹ̀yìn á máa ṣú sí aró, títí tí ẹ óò fi rò pé alángbá mìíràn ló wá dúró síbẹ̀. Ìgbà náà ni yóò na ẹsẹ̀ iwájú, tí yóò máa gbé orí àti àyà sókè, tí yóò máa sọ ọ́ kalẹ̀, tí awọ ọ̀fun rẹ̀ á sì sọ̀. Ó ń sọ fún akọ mìíràn pé ibẹ̀ ní olúwa ni. Bí àlejò náà bá kọ̀ tí kò lọ, wọ́n á fi ìhà kọ ìhà, wọ́n á sì máa fi ìrù na ara wọn. Akọ àgbà tí ìpẹ̀kun ìrù rẹ̀ rí kùmọ̀, tí kò tín-ín-rín mọ́, ti ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí tàbí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ológbò, nítorí ìrù alángbá kì í hù padà dáadáa bí ti ọmọńlé.

Akọ kan, abo mélòó kan àti àwọn ọmọ tàbí akọ kékeré díẹ̀ ni ẹ óò sábà rí pa pọ̀ ní ojú kan. Bí ẹ bá rí akọ olórí pupa méjì ní ìhà méjì ọgbà yín, ẹ sàmì sí ibi tí ọ̀kan kì í kọjá, nítorí ohun tí ẹ bá tò sí àárín méjèèjì lè di ohun tí wọn yóò máa jà lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún wọn ní oòrùn àti ìbòjì tó súnmọ́ra

Alángbá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná láti inú wá. Oòrùn àti ohun gbígbóná tó bá dùbúlẹ̀ lé ló ti ń rí ooru, ìbòjì ló sì fi ń tu ara nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá pọ̀ jù. Nítorí náà, ibi yíyá oòrùn tí kò ní ibi sísá sí nítòsí kò wúlò fún un. Ẹni tó bá ti gun òkè Olúmọ tàbí òkè Ìdànrè á ti rí i bí wọ́n ṣe ń gbé: àpáta gbígbóná lókè, pálapàla òkúta nísàlẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sì ni láti ọ̀kan sí èkejì. Ògiri ilé wa wù wọ́n nítorí pé ó jọ ibẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ilé ti tó. Ẹ kó wọn sí apá ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń là, kí ẹ to àwọn ńlá sísàlẹ̀, kí ihò wọn kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi àlàfo tí ìka méjì lè wọ̀ sáàárín wọn, kí ó má sì ga ju orúnkún lọ kí ó má baà wó lu ọmọdé. Ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ kan tàbí búlọ́ọ̀kù tí ihò rẹ̀ ti dí lé e lórí, ibẹ̀ ni olórí pupa yóò fi ṣe ìtẹ́.

Àwọn aládùúgbò lè sọ pé òkúta tí a kó jọ àti alángbá máa ń fa ejò wá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì, nítorí àwọn ejò kan ń jẹ alángbá, wọ́n sì ń jẹ eku pẹ̀lú. Eku ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò: ẹ má ṣe jẹ́ kí pàǹtí oúnjẹ wà nítòsí òkítì yìí, ẹ to òkítì náà jìnnà sí ilẹ̀kùn ilé àti ti ilé ìdáná, kí ẹ sì gé koríko tó bá yí i ká kúrú kí ẹ lè máa rí ìdí rẹ̀ kedere. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ ihò tí ojú yín kò rí inú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ má ṣe dí gbogbo ihò

Ògiri tí kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bí bíríkìlà bá ń rẹ́ fẹ́ńsì yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì má ṣe dí ojú búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì ní ìhà inú, níbi tí kò ní ba ẹwà iṣẹ́ jẹ́. Ògiri ilé gbígbé ni kí ẹ dí dáadáa. Èyí wà ní ìgbésẹ̀ kẹjọ.

Níbi tí ẹ bá ti lè fi ohun ọ̀gbìn ṣe ọgbà dípò búlọ́ọ̀kù, pèrègún àti lápálápá tí àwọn baba wa ń gbìn yí ilẹ̀ ká ṣì dára, nítorí ìdí wọn máa ń ní ìbòjì, ewé tó já sílẹ̀ níbẹ̀ sì máa ń kó kòkòrò jọ. Igi mọ́ńgòrò kan tí èèpo rẹ̀ ti gbó tó fún alángbá púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyin wọn

Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, èyí nìkan ni kí ẹ ṣe.

Abo alángbá kì í yé sórí ògiri tàbí sínú àjà. Á wá ilẹ̀ oníyanrìn tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí oòrùn ń pa ní ọ̀pọ̀ wákàtí, tí koríko kúkúrú bá sì bò ó díẹ̀, ó tún dára jù. Á fi imú àti èékánná gbẹ́ ihò tó jìn tó nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà, á yé ẹyin 5 sí 7 sínú rẹ̀, á wa erùpẹ̀ bò ó, á sì lọ. Kò ní padà wá ṣọ́ ọ. Èèpo ẹyin náà rọ̀, kò le bí ti adìẹ, ó sì máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ tí yóò fi tóbi sí i. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tán pátápátá, ẹyin á rọ. Bí omi bá dúró lé e, ọmọ inú rẹ̀ á kú. Ìgbà òjò ni púpọ̀ nínú wọn máa ń yé, ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 sì ni ẹyin fi ń wà nínú ilẹ̀ kí ó tó pa.

Ẹ yan ibi kan tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, tí kò sí lójú ọ̀nà, tí omi òrùlé kì í dà sí, tí a kì í sì í da omi ọṣẹ sí. Bí wọ́n bá ti to ìntálọ́ọ̀kì síbẹ̀, ẹ tú u. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ ṣa òkúta kọnkéré, ike àti páálí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé rì síbẹ̀ kúrò, kí ẹ sì po iyanrìn mọ́ erùpẹ̀ ilẹ̀ náà ní ìdajì-ìdajì. Ẹ fi ọwọ́ dán an wò: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó tutù díẹ̀, kí ẹ fún un pọ̀, kí ẹ wá fi ìka kàn án. Bí ó bá dì mọ́ra tó sì tú ká nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ó ti dára. Bí ó bá dì mọ́wọ́ bí amọ̀, iyanrìn kò tíì tó. Bí kò bá dì rárá, erùpẹ̀ ló kù. Ẹ fi òkúta tò yí i ká kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí koríko kúkúrú hù sí apá kan. Bí òjò bá dá fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi sí i ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀nba tí ilẹ̀ yóò fi rin.

Ibi méjì dára ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan nínú oòrùn gan-an, èkejì níbi tí igi tàbí ògiri ti ń ṣíji bò ó fún apá kan ọjọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1966, Madeleine Charnier, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl, kọ nípa ẹyin alángbá tó tọ́jú nínú ooru tó yàtọ̀ síra. Èyí tó wà ní ooru ìwọ̀n 26 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius di abo, èyí tó wà ní 29 sì di akọ. Kí ó tó di ìgbà náà, kò sí ẹni tó tíì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nípa ẹranko kankan nínú ẹbí alángbá, ejò, ìjàpá àti ọ̀nì. Lónìí, ẹ̀kọ́ yẹn wà lára ohun tí gbogbo ẹni tó ń dáàbò bo ìjàpá inú òkun gbọ́dọ̀ mọ̀, ara alángbá tó ń rìn káàkiri àgbàlá wa ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Ìwọ̀n ooru méjì tàbí mẹ́ta péré ló wà láàárín akọ àti abo, ìyẹn ni pé igi kan tí a gé, tàbí sìmẹ́ńtì tí a dà yí ilẹ̀ kékeré kan ká, lè yí irú ọmọ tí yóò jáde níbẹ̀ padà. A kò lè wọn ooru ilẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a lè fún abo ní ibi méjì kí ó fúnra rẹ̀ yàn.

Ó kù ẹyọ kan nípa ẹyin. Òkítì iyanrìn tí àwọn kọ́lékọ́lé dà sí iwájú ilé wà lára ibi tí alángbá fẹ́ràn láti yé sí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ṣọ́bìrì ló máa ń wú ẹyin náà jáde. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe yí ẹyin náà padà, nítorí ọmọ inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ apá kan èèpo, bí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó lè kú. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì fẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ fi ṣíbí gbé e pẹ̀lú iyanrìn abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rì í sí ilẹ̀ tí ẹ ti pèsè ní ìwọ̀n jíjìn kan náà, pẹ̀lú àmì náà lókè. Ẹ ṣe é kíá, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé oògùn kòkòrò kúrò nínú ọgbà

Èèrà ni oúnjẹ alángbá jù. Ó tún ń jẹ ikán, tata, ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn, eṣinṣin àti aláǹtakùn, nígbà mìíràn ó sì máa ń já ewé tàbí òdòdó jẹ díẹ̀. Bí ikán bá hu ìyẹ́ tó sì ń tú jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ wo bí alángbá ṣe máa ń dúró sí ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà jáde, tí yóò máa fi ahọ́n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò ní kúrò níbẹ̀ títí ikùn rẹ̀ á fi yọ. Nínú ọgbà tí wọ́n bá ti da oògùn sí ojú ihò èèrà, èèrà tó ti jẹ oògùn ni alángbá yóò jẹ.

Dichlorvos tí a ń tà káàkiri fún pípa aáyán àti ẹ̀fọn jẹ́ májèlé líle fún ènìyàn pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí àjọ NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, èyí tó jẹ́ 100 mílílítà, ní ọdún 2019. Kò yẹ kí a máa fọ́n ọn sí ilẹ̀ ọgbà tàbí sí ara ògiri ìta. Ní ti ẹ̀fọn, ẹ da omi tó dúró nínú agolo àti táyà nù, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ní ti aáyán àti èèrà inú ilé, ẹ bo oúnjẹ, kí ẹ sì dí ojú ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí ikán bá ń jẹ ilẹ̀kùn tàbí igi òrùlé, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ilé ṣe pàtàkì. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kí ó fi oògùn sí ibi tí wàhálà wà gan-an, ní ìpìlẹ̀ tàbí lára igi, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó má ṣe fọ́n ọn ká gbogbo ọgbà, pàápàá ilẹ̀ ẹyin.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wo ohun ìkómisí yín

Inú dírọ́ọ̀mù ike máa ń dán, èékánná alángbá kò sì lè dì í mú. Bí ó bá já sínú rẹ̀ láti orí ògiri, á máa lúwẹ̀ẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po títí agbára rẹ̀ á fi tán, ní ọjọ́ kejì ẹ óò bá òkú rẹ̀ nínú omi tí ẹ fẹ́ fi wẹ̀. Ẹ fi ìdérí bo gbogbo dírọ́ọ̀mù, táńkì àti kànga. Èyí tí ẹ kò bá lè bò, irú èyí tó ń gba omi òjò, ẹ ki ọ̀pá igi tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára sínú rẹ̀, kí orí ọ̀pá náà yọ kọjá ẹnu dírọ́ọ̀mù, kí ohun tó bá já sínú rẹ̀ lè gùn ún jáde.

Ìdérí náà wà fún ìlera yín pẹ̀lú. Alángbá lè ní kòkòrò àrùn Salmonella nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ óò dá mọ̀ nípa pé ó dúdú, orí rẹ̀ sì funfun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú omi mímu tàbí orí ẹ̀lùbọ́, ata àti gbogbo ohun tí ẹ bá sá sí oòrùn; ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ kan alángbá gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jẹ́ kí ilé jẹ́ ti yín, kí ọgbà jẹ́ tiwọn

Lálẹ́, alángbá fẹ́ràn láti kó ara wọn jọ sí abẹ́ páànù àti etí òrùlé. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n sùn sínú àjà, ẹ dí àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àkókò tí ẹ óò ṣe é. Káfíńtà sábà máa ń fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn má baà pa á, ìgbà tí alángbá wà nínú àjà sì nìyẹn. Bí ó bá kan àlàfo náà pa, inú àjà ni wọ́n máa kú sí, òórùn á sì gba ilé. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí ọ̀sán, ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, nígbà tí gbogbo wọn ti jáde. Nẹ́ẹ̀tì onírin ló dára jù, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Bí ọ̀kan bá wọ yàrá, ẹ má ṣe lé e kiri, nítorí yóò sá sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ti àwọn ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, kí ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ìta nìkan sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì jáde. Yóò tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ tọ́ ọ sọ́nà díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fi ìrù mú un, nítorí ó lè já.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ológbò, iná àti àwọn ọmọdé

Ológbò ń pa alángbá púpọ̀, adìẹ sì ń ṣa ọmọ wọn jẹ. Ẹni tó ń sin ológbò lè fún un ní oúnjẹ ní àárọ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì máa dá a dúró nínú ilé ní wákàtí àkọ́kọ́ tí alángbá ń yá oòrùn tí ara wọn kò tíì yá. Bí ẹ bá fẹ́ sun ewé gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá tú òkìtì náà, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè sá jáde; kí ẹ tilẹ̀ kó ewé náà sí ìdí igi láìsun ún dára jù.

Ní ti àwọn ọmọ tó ń fi kànnàkànnà ta alángbá, ìbáwí nìkan kì í tó. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí ó wà ní ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ní kí wọ́n mọ olórí pupa tó ni ògiri, kí wọ́n kọ aago tí ó ń jáde àti ibi tí ó ń wọ̀ sí. Ọmọ tó bá ti mọ alángbá kan sí tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kun.

Lẹ́yìn gbogbo èyí

Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí abo tó ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ máa wo ìdí ògiri àti àárín koríko ní àárọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gùn tó nǹkan bí 11 sẹ̀ǹtímítà, ìrù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èèrà kéékèèké ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè sá wọlé. Ní àkókò yìí, ẹ dá gígé koríko tó yí ilẹ̀ ẹyin ká dúró, kí ẹ sì máa wo abẹ́ táyà ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e. Abo nílò tó ọdún kan ó lé díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, akọ a sì tó ọdún méjì, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé ọgbà yóò kún ní ọdún àkọ́kọ́.

Bí wọ́n bá sì pọ̀, ẹ má ṣe kó wọn lọ fún ẹlòmíràn, kí ẹ má sì tà wọ́n fún àwọn tó ń kó ẹranko ránṣẹ́ sí òkè òkun. Alángbá olórí pupa yìí kan náà ti ń gbé ní Florida ní Amẹ́ríkà báyìí, ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Miami níbẹ̀, òwò ẹranko ọ̀sìn ló gbé e débẹ̀, ó sì ti di àjèjì tó ń tàn káàkiri lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ọgbà yín yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun fẹ́ńsì kọjá sí ti aládùúgbò, àwọn akọ tí olórí pupa lé jáde ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ẹ lè ṣe kò ju kí ẹ bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀ ṣáájú pé kí ó tú ìntálọ́ọ̀kì díẹ̀ nídìí fẹ́ńsì tirẹ̀, kí ó sì po iyanrìn mọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀.